Fèrèsé Tí Mo Bu Òkùnkùn Lé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, mo kí yín. Èmi Ràjí ni mo ń kọ èyí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onífọ́tò ní Pàkátà, nínú ìlú Ìlọrin. Ìwé mi kò pọ̀. Mo ka Àlùkùránì dé ìwọ̀n tí agbára mi mọ, mo sì kúrò ní ilé-ìwé ìjọba kí n tó lè ka ìwé ìròyìn geere. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí mo ṣe wù mí láti sọ débi pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi a máa ní, "Ó tún ti dé." Ẹ jẹ́ kó tún dé lónìí.

Ẹni ẹ̀gún gún ní í ṣe làkáláká tọ alábẹ. Ẹ̀gún tèmi ni pé àwọn ènìyàn kan ṣì wà ní ìlú yìí tí wọ́n gbà pé èmi ni mo tú ojú ẹlẹ́hàá síta, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fi sínú ẹ̀há tí àjèjì ọkùnrin kò gbọdọ̀ rí ojú rẹ̀. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè fi hàn yín pé irọ́ ni, bí ẹ kò bá kọ́kọ́ mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe nínú fọ́tò.

Bàbá mi ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Súlè. Owó tí wọ́n san àti bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ohun tí mo rántí ni pé Ọ̀gá wo ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí wọn síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran, ó ní, "Ìka rẹ̀ gùn. Ẹ fi í sílẹ̀."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ni yàrá òkùnkùn wà. Gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀, ooru sì máa ń mú bí ẹni wà nínú ààrò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, Ọ̀gá gbé bébà funfun kan tí kò sí nǹkankan lára rẹ̀ sínú abọ́ omi oògùn. Ó ní kí n máa mi abọ́ náà jẹ́jẹ́. Mo ń mì í. Lójijì ni irùngbọ̀n yọ, lẹ́yìn náà ni ojú, lẹ́yìn náà ni ọkùnrin odindi bẹ̀rẹ̀ sí wò mí láti inú omi. Mo ju abọ́ sílẹ̀, mo sá jáde. Ọ̀gá tẹ̀ lé mi síta, ó ní, "Kí lo rí?"

Mo ní, "Ènìyàn ni, Ọ̀gá."

Ó ní, "O kò parọ́. Padà wọlé, kó tó kú sínú omi."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé n kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn láyé.

Ẹ fetí sílẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni adùn wà. Ẹ̀rọ kan wà lókè tó ń ta iná gba inú fíìmù kọjá sórí bébà. Iná yẹn gan-an ló ń mú bébà dúdú. Ibi tí iná bá pẹ́ sí ni yóò ṣú, ibi tí kò bá dé ni yóò funfun. Nítorí náà, bí apá kan fọ́tò bá funfun jù, a ó fi páálí tí a dá ihò sí bo gbogbo ìyókù, kí iná lè gba inú ihò náà bọ́ sí ibi tí a fẹ́ nìkan. Ọ̀gá mi kì í lo páálí. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń lò. Yóò ká ìka ọwọ́ rẹ̀ jọ bí ẹni fẹ́ mu omi odò, yóò fi àlàfo kékeré sílẹ̀ láàárín, iná a sì máa dà gba ibẹ̀. Ó máa ń pè é ní bíbu òkùnkùn. "Bu òkùnkùn lé èjìká rẹ̀," ni yóò wí. "Bu díẹ̀ sí i lé ògiri yẹn, ó ń pariwo jù."

Ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ dúró. Bó bá dúró, ààlà a hàn, fọ́tò a dà bí aṣọ tí a lẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan bébà fún ìgbà pípẹ́. Inú oòrùn ni ó ń mú mi dúró sí, níwájú ògiri, kí n máa fi ọwọ́ mi dá òjìji sí i, kí n máa mì í, kí ẹnikẹ́ni má lè tọ́ka sí ibi tí òjìji ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá a máa bi í pé, "Ọ̀gá Súlè, ṣé ara ọmọ yìí le báyìí?" Ọ̀gá a dá wọn lóhùn pé, "Ó ń kọ́ ìwé." Bí ọwọ́ mi bá dúró pẹ́nrẹ́n, ẹ̀mú onígi tí a fi ń yí bébà nínú omi a dún lẹ́yìn ìka mi.

Òfin kan wà tó le ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìlú àwọn àáfà ni ìlú wa, ilé tí ẹlẹ́hàá ń gbé sì pọ̀ níbẹ̀. Onífọ́tò a dúró sí ojúde, a ya àwọn ọkùnrin àti ọmọ kéwú, kò sì ní mọ̀ pé obìnrin kan ti ṣí kọ́tìnì díẹ̀ lẹ́yìn wọn láti wo ayọ̀ ilé rẹ̀. Nítorí náà, Ọ̀gá ní, "Wo fèrèsé kí o tó wo ojú oníbàárà." Bí a bá rí obìnrin náà nínú fọ́tò, a ó bu òkùnkùn lé fèrèsé náà títí yóò fi dà bí fèrèsé tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. A kì í sọ fún ọkọ rẹ̀. A kì í sọ fún òun náà. Àmánà ni, ohun tí Ọlọ́run fi sí ọwọ́ wa láti tọ́jú.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣe fèrèsé kan dáadáa, mo sì gbé e lọ bá Ọ̀gá pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ wo fèrèsé yìí, ó mà dára o." Ó gba fọ́tò náà, ó fà á ya.

Mo ní, "Ọ̀gá, kí ló dé?"

Ó ní, "Fọ́tò oyè ni, fèrèsé lo ní kí n wò. Bí òkùnkùn bá dára, ẹnikẹ́ni kì í béèrè rẹ̀. Lọ tún un ṣe."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo tún ṣe, Ọ̀gá wò ó, kò sọ nǹkankan, ó kó o sínú àpòòwé. Inú mi dùn débi pé mo sáré délé láìkí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Nígbà tí mo dá dúró ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, ìṣòro tó tún wà ni láwàní. Ẹ̀yin náà mọ bí oòrùn wa ṣe ń ràn. Bí o bá ya àáfà tó dúdú, tó wé láwàní funfun nínú oòrùn bẹ́ẹ̀, tí o sì fẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn, láwàní a di òwú. Mo gbé irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ fún Àáfà Sáádù, àgbà àáfà kan ní àdúgbò wa, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Ràjí, ta ló fọ́ mi lórí?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó fọ́ yín lórí, Àáfà."

Ó ní, "Kí ló wá dé tí wọ́n fi báńdéèjì wé mi báyìí? Mo jókòó wé láwàní yìí ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, ìwọ wá sọ mí di ẹni tó ti ọsibítù dé."

Mo padà sí yàrá òkùnkùn, mo bu òkùnkùn lé láwàní náà díẹ̀díẹ̀ títí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan fi yọ. Láti ìgbà náà, Àáfà Sáádù kò gbà kí ẹlòmíràn ya òun mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí láwàní yìí. Òun ló gbà mí sílẹ̀ níkẹyìn.

Ayé yí padà. Fíìmù di ohun àwátì, omi oògùn kò sí lọ́jà mọ́, kámẹ́rà dígítà sì gba ìgboro. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ ń ṣe nǹkan mìíràn. Èmi kò lè lọ. Mo ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tanke àti ní Malete nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ayẹyẹ, mo sì ń gbé iṣẹ́ náà lọ bá Rìsì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Tanke. Lọ́jọ́ kan, fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ẹ̀wù akẹ́kọ̀ọ́ náà funfun jù. N kò mọ ìgbà tí mo na ọwọ́ mi síwájú kọ̀ǹpútà, tí mo ká ìka mi, tí mo sì ń mì í.

Rìsì ní, "Bàbá, kí lẹ ń lé? Ṣé eṣinṣin ni?"

Mo ní, "Mo fẹ́ bu òkùnkùn lé ẹ̀wù yẹn ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá tábìlì mú. Ó ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ò ní débẹ̀ láéláé. Ẹ di máòsì mú. Ẹ wo ibi tí àwọn irinṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí. Èyí tí ẹ fẹ́ rèé."

Mo wò ó. Àwòrán ọwọ́ kékeré kan ni. Ìka rẹ̀ ká jọ, àlàfo sì wà láàárín. Ọwọ́ Ọ̀gá Súlè ni. Mo dìde lórí àga. Mo ní kí Rìsì sọ ọ́ di ńlá kí n lè rí i dáadáa, ó ní kò ṣeé sọ di ńlá. Mo fi ojú mi sún mọ́ ọn títí imú mi fi kan kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ṣe ètò yẹn, ní ìlú tí n kò mọ̀, ti dúró nínú yàrá òkùnkùn rí, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ti wá. Ọ̀gá mi ti kú nígbà náà, mo sì bá ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún Rìsì pé, "Kọ́ mi. Bí mo bá ṣe é tì, nà mí lẹ́yìn ìka." Ó kọ́ mi. Kò nà mí, ṣùgbọ́n ó bú mi dáadáa.

Ó tún fi ohun ìyanu kan hàn mí. Lórí bébà, òkùnkùn tí o bá ti bù, ó ti wọ inú bébà lọ, kò ṣeé mú kúrò mọ́. Lórí kọ̀ǹpútà, o lè bu òkùnkùn náà sórí ohun tí wọ́n ń pè ní léyà, bí ìgbà tí o bá tẹ́ nílọ́ọ̀nù sórí fọ́tò, tí o sì kun nílọ́ọ̀nù náà. Bí o bá ká nílọ́ọ̀nù kúrò, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ a tún hàn. Mo yọ̀ sí i bí ọmọdé. N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà.

Àáfà Sáádù ṣe wòlímà fún àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ tó parí Àlùkùránì. Èmi ni wọ́n pè. Mo ya bàbá náà láàárín àwọn ọmọ ní ojúde, nínú oòrùn. Nígbà tí mo délé, lójú kọ̀ǹpútà tí èmi náà ti rà, mo wo fèrèsé kí n tó wo ojú oníbàárà. Ó wà níbẹ̀. Àmínà ni, ìyàwó ọmọ Àáfà, ẹlẹ́hàá; fèrèsé yàrá rẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ó ti ṣí kọ́tìnì láti wo ọmọ rẹ̀ tó ń parí Àlùkùránì. Ojú rẹ̀ hàn kedere, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bu òkùnkùn lé láwàní Àáfà lórí léyà kan, mo sì bu ti fèrèsé lórí léyà kejì. Mo ṣe é bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi.

Àáfà fẹ́ kí fọ́tò náà tóbi bí ilẹ̀kùn. Mo gbé e lọ bá Làtíìfù, tó ń tẹ fọ́tò ńlá ní Táíwò Road. Mo gbé èyí tí mo ti ti léyà rẹ̀ pa fún un, tí ẹnikẹ́ni kò lè ká léyà kankan kúrò lára rẹ̀ mọ́. Ó kọ̀ ọ́.

Ó ní, "Bàbá, èyí tí léyà wà nínú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fún mi. Mo máa ní láti tún àwọ̀ ṣe, kó bá ẹ̀rọ mi mu."

Mo gbé e fún un, mo ní, "Fèrèsé yẹn, má fọwọ́ kàn án. Àmánà ni."

Ó ní, "Bàbá yìí náà. Kí ni mo fẹ́ fi fèrèsé ṣe?"

Ohun tó fi ṣe rèé. Ó fẹ́ kí ayé rí bí ẹ̀rọ òun ṣe ń tẹ fọ́tò tó mọ́lẹ̀. Ó rí apá tó ṣú lẹ́yìn, ó ká léyà rẹ̀ kúrò kí ẹ̀yìn fọ́tò lè tàn, ó sì gbé e jáde lórí fóònù láti fi polówó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ẹ̀rín Àmínà ti dé ọwọ́ àwọn ọkùnrin tí kò yẹ kí wọ́n rí i láéláé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, ọkọ Àmínà, Àáfà Mọ́ńmọ́dù, dá mi dúró ní ojúde wọn lójú gbogbo ènìyàn. Kò pariwo. Ìbá sàn bó bá pariwo.

Ó ní, "Bàbá Onífọ́tò, kí la ṣe fún yín?"

Mo ní, "Àáfà, wálláhì, èmi kọ́."

Ó ní, "Kámẹ́rà ta ni?"

Mo ní, "Kámẹ́rà mi ni, ṣùgbọ́n..."

Ó ní, "Ó tó. Ẹ má wọ ilé wa mọ́."

Ẹnìkan láàárín èrò ní, "Ó fẹ́ kí wọ́n mọ òun dé Sókótó ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló fẹ̀yìn mi tì, kì í ṣe ọjọ́ orí. Kò sí ilé tó pè mí sí wòlímà tàbí ìsọmọlórúkọ mọ́. Bí mo bá ń kọjá lọ, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé.

Mo lọ bá Làtíìfù. Ó ní, "Bàbá, láti kámẹ́rà yín ló ti jáde. Àgbà ti ń dé, ẹ ti lè gbàgbé ẹni tí ẹ fún." Ó ti yọ fọ́tò náà kúrò lórí fóònù tirẹ̀. Kò sí ẹ̀rí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo rò, títí tí mo fi jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo sì wo fọ́tò tó ń kiri náà pẹ̀lú ìbínú. Ojú mi bọ́ sí láwàní. Mo ka ìṣẹ́po rẹ̀ bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Mo fò sókè. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ejò ni?" Mo ní, "Láwàní ni."

Bí ó bá jẹ́ pé inú kámẹ́rà mi ni fọ́tò yẹn ti jáde lóòótọ́, láwàní ì bá funfun bí òwú, nítorí ìṣẹ́po kankan kò hàn sójú nínú ohun tí kámẹ́rà gbé jáde. Ọwọ́ mi ló mú ìṣẹ́po jáde. Ẹni tó gbé fọ́tò náà síta ti gba iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó fi òkùnkùn láwàní sílẹ̀, ó sì ká ti fèrèsé nìkan. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fún ní léyà méjèèjì.

Mo sáré lọ bá Rìsì kí ó tẹ fọ́tò méjèèjì fún mi kí n lè gbé wọn lọ. Bó ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Fèrèsé wà níbẹ̀."

Ó ní, "Bàbá, ẹjọ́ yín lẹ fẹ́ rò. Gbogbo ìlú ló sáà ti rí i."

Mo ní, "Ìlú ló rí i. Èmi kò fi hàn wọ́n. Gé e."

A gé gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ku orí Àáfà nìkan, nínú fọ́tò kámẹ́rà àti nínú fọ́tò tó ń kiri. Mo gbà á, mo sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bá Àáfà Sáádù, nítorí wọ́n ti lé mi ní tiwájú. Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní kí n jókòó. Mo tẹ́ fọ́tò méjèèjì síwájú wọn.

Àáfà gbé èkínní. Ó ní, "Báńdéèjì ti dé." Ó gbé èkejì. "Láwàní mi rèé." Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Àáfà Mọ́ńmọ́dù ní, "Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni gbogbo èyí. Ta ló mọ ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe? Ìyókù fọ́tò dà?"

Mo ní, "Mo gé e kúrò."

Ó ní, "Kí ló dé?"

N kò tíì dáhùn tí ohùn obìnrin fi jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnì yàrá inú. Àmínà ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Ìsíákà, ẹ bi ara yín. Orúkọ bàbá yìí ti bàjẹ́ nítorí ojú mi. Wọ́n wá láti gba orúkọ wọn padà, ojú mi ni ẹ̀rí, wọ́n sì tún gé e kúrò kí wọ́n tó wá. Ẹni tó bá lè tú mi síta kò ní ṣe bẹ́ẹ̀."

Àáfà Sáádù yọ láwàní orí rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ní kí wọ́n lọ pe Làtíìfù.

Làtíìfù wá. Nígbà tó rí láwàní méjì náà, ó wo ilẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ẹlẹ́hàá ni, òun rò pé òkùnkùn fèrèsé jẹ́ àṣìṣe àgbàlagbà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú pálọ̀. Wọ́n ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí.

Mo ní, "Mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n ojúde ni wọ́n ti bú mi. Ojúde ni kí wọ́n ti dá mi láre."

Àáfà Mọ́ńmọ́dù mi orí. Ó ní, "Òótọ́ ni."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ní ibi kan náà, wọ́n ní kí Làtíìfù sọ ohun tó ṣe. Ó ń sọ ọ́ sínú irùngbọ̀n. Àáfà Sáádù ní, "Gbé ohùn sókè. Nígbà tí o gbé fọ́tò náà jáde, o kò gbé e jáde ní jẹ́jẹ́." Ó gbé ohùn sókè. Àáfà Mọ́ńmọ́dù sì di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo wọn, ó ní, "Bàbá Onífọ́tò, ilé yín nìyí."

Ṣùgbọ́n ojúde kan ṣoṣo nìyẹn. Irọ́ ti gun orí fóònù lọ sí ibi tí ohùn Làtíìfù kò dé. Nítorí náà ni mo ṣe kọ èyí, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ti àkọ́kọ́ gbọ́ èyí náà. Ẹ̀tọ́ mi ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ yìí bá wù yín, ẹ wá a lọ. Irinṣẹ́ yóò tún yí padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ kékeré yẹn ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń dúró dè yín.

Mo tún fọ́tò náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ti léyà rẹ̀ pa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Rìsì ló sì bá mi wá ẹlòmíràn tó tẹ̀ ẹ́. Ó wà lára ògiri pálọ̀ Àáfà Sáádù báyìí, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Mo jókòó síbẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò wọlé láìpẹ́ yìí. Wọ́n yin àwọn ọmọ kéwú. Àáfà fi ìka tọ́ka sí ìṣẹ́po láwàní rẹ̀ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ṣọ́ ojú wọn títí wọ́n fi dìde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè fèrèsé.